Awólọ́wọ̀: Bàbá tó fi owó kòkó rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tó tún padà di ẹni tí ń wá owó ogun

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa ní Ìwó

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, àwọn ọmọdé jáde láti inú agboolé káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n forí lé ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ bàbá wọn. Bí ó ti rí ní Ìbàdàn ni ó rí ní Ìwó, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ẹdẹ, ní Ìjẹ̀bú àti ní Àkókó. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìgbà náà, ọkùnrin kan náà tí ó ṣe ètò yìí ni ó jókòó sí ilé iṣẹ́ ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, tí ó ń wá owó ìbọn, owó ọta ìbọn àti owó oṣù àwọn ṣọ́jà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ọkùnrin náà.

Lọ́dọọdún tí ìjọba bá ti gbé ètò ìṣúná rẹ̀ jáde ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ìlú tí kò sí ààbò, kò sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní bí ọmọ kò bá rí ẹ̀kọ́, tí ọ̀dọ́ kò bá rí iṣẹ́, àwọn náà ni yóò di ẹni tí ìjọba ń ra ìbọn dè. Nínú gbogbo àwọn aṣáájú tí ilẹ̀ Yorùbá ti ní, ó ṣòro láti rí ẹlòmíràn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí láti ìhà méjèèjì bí Olóyè Awólọ́wọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tún ìtàn ayé rẹ̀ gbé yẹ̀wò láti ojú ibi tí owó gbà wọlé, àti ibi tí ó gbà jáde.

Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 1909. David Ṣópólú ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni. Mary Ẹ̀fúnyẹlá ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1920 ni bàbá náà kú, nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láti ọjọ́ náà ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ti di ẹrù fún un. Ó ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé onílé kí ó lè rí nǹkan tí yóò fi kàwé. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe tísà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó ṣòwò kòkó, ó sì fi ọkọ̀ kẹ́rù. Òwò náà dojú dé nígbà kan, gbèsè wọlé tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìwé bọ́ lọ́wọ́ òun. Ilé ni ó jókòó sí tí ó fi gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, kí ó tó kọjá sí ìlú òyìnbó lọ kọ́ iṣẹ́ òfin. Ní ọdún 1946 ni ó di lọ́yà. Ẹni tí ó mọ ìyà tí ọmọ tálákà ń jẹ kó tó mọ ìwé ni ó di olóṣèlú yìí.

Ní ọdún 1951 ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí àwọn ará ilé mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, jáde sí gbangba ní Ọ̀wọ̀, Awólọ́wọ̀ sì ni olórí rẹ̀. Ní ọdún 1952, ó di olórí ọ̀rọ̀ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn; nígbà tí ó di ọdún 1954, ó di Prẹ́míà. Láti oṣù Keje, ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókọ́yà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi múra: wọ́n kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì mú kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni gbòòrò. Ní Ìwó, Baptist College, níbi tí Yunifásítì Bowen wà lónìí, wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń pèsè olùkọ́ fún iṣẹ́ ńlá náà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó rẹ̀? Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyí. Ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé owó orí àfikún kalẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ń san owó orí. Owó ńlá ni lójú àgbẹ̀ nígbà náà. Àwọn alátakò ló ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìjọba rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n ní àwọn èèyàn ń san owó ohun tí wọn kò tíì rí. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, àwọn olùdìbò fi ìbínú wọn hàn: NCNC gba ìjókòó mẹ́tàlélógún nínú méjìlélógójì ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì gba méjìdínlógún. Wọ́n lù ú nílé ara rẹ̀. Olóṣèlú mìíràn ì bá sá sẹ́yìn. Awólọ́wọ̀ kò yí ètò náà padà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò náà ni ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí.

Orísun owó kejì ni kòkó. Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó kì í san gbogbo iye tí kòkó ń pa ní ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀; a máa dá apá kan dúró sínú àpò, pé bí ọjà bá wálẹ̀, kí àgbẹ̀ má baà kú tán. Nígbà tí wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ọdún 1954, bí 34 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ó bọ́ sọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Inú owó yìí àti owó orí ni ìjọba ti rí agbára láti kọ́lé, láti la ọ̀nà, àti láti gbé ètò ìdàgbàsókè ró. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yin Awólọ́wọ̀, ó yẹ kí a rántí àgbẹ̀ tí ó gbé kòkó láti abúlé Ìwó dé orí ìwọ̀n. Òun gan-an ni ó san owó ẹ̀kọ́ tí a pè ní ọ̀fẹ́, bí a kò tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí sísan lọ́wọ́ rẹ̀.

Èso rẹ̀ pọ̀ ju bí àwọn tó ṣètò náà ti rò lọ. Ní ọdún 1954, bí 456,000 ọmọ ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1955, wọ́n ti ju 811,000 lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1958, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan. Àwọn ọmọ kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà, olùkọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ tó pọ̀ ń kọ́ni, àwọn ògbóǹtarìgì sì ké pé ẹ̀kọ́ ń bàjẹ́. Àríwísí yìí ní òtítọ́ nínú. Síbẹ̀, ní ìlú bí Ìwó, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ láti ayé Olúwòó Mómódù Lámúyè, àwọn òbí kan ti máa ń fura sí ilé-ìwé nítorí pé ọwọ́ àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ sì ti kúrò ńlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ọ̀nà tí ọmọ lè gbà kàwé láìfi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn òpìtàn kì í sábà mẹ́nu bà níbi tí wọ́n ti ń ròyìn àṣeyọrí yìí. Ní àwọn ọdún kan, bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìnáwó ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó lọ sórí ẹ̀kọ́. Kò sí ìjọba tí ó lè ṣe irú èyí bí ó bá ní ogun láti bọ́. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọmọ ogun kì í ṣe ti ẹkùn. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, ọwọ́ àwọn òyìnbó ni ó sì ṣì wà. Prẹ́míà Ìbàdàn kò ra ìbọn, kò sì san owó ṣọ́jà. Nítorí náà, ó rí àyè fi owó rẹ̀ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹrù ogun wá bọ́ sí i léjìká, a rí bí nǹkan ṣe yàtọ̀.

Kí ó tó di ìgbà náà, ojú rẹ̀ rí màbo. Ó fi ipò Prẹ́míà sílẹ̀ ní ọdún 1959, ó di olórí alátakò ní ilé aṣòfin àpapọ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá ní ọdún 1962, wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kàn án. Ní oṣù Keje, ọdún 1963, nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ tí òun náà jẹ́ lọ́yà, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kàlàbá ni ó wà tí àwọn ṣọ́jà fi gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1966. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon tú u sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fi í ṣe aṣáájú Yorùbá.

Orílẹ̀-èdè ti ń fọ́ lọ nígbà náà. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, Awólọ́wọ̀ àti àwọn mìíràn lọ bá Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu ní Enugu láti wá àlàáfíà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ti ibẹ̀ wá. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà ni Ojukwu kéde Biafra. Ní oṣù Kẹfà, Awólọ́wọ̀ di kọmíṣánnà àpapọ̀ fún ètò ìnáwó àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, ìbọn dún.

Ogun náà kò fara jọ ohun tí ìjọba múra sílẹ̀ fún. Bí 10,000 ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó parí, wọ́n ti tó bí 250,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní láti jẹun, láti wọṣọ, kí ó sì gba owó oṣù. Owó epo rọ̀bì tí à ń gbọ́kàn lé lónìí kò tíì pọ̀, ogun sì ń jà ní agbègbè tí epo náà wà. Kọmíṣánnà ìnáwó dín ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè kù, ó fi kún owó ibodè, ó fi kún owó orí, ìjọba sì ń yá owó nínú ilé. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì já iye pọ́n-ùn tiwọn wálẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1967, Nàìjíríà kò já tirẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1968, wọ́n pààrọ̀ owó orílẹ̀-èdè kíá, kí owó tí ó wà lọ́wọ́ Biafra, tí ó fi lè ra ohun ìjà ní òkè òkun, lè di bébà lásán.

Àpapọ̀ owó tí ìjọba ná lórí ogun oṣù ọgbọ̀n náà ju 300 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ, nǹkan bí 70 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn Awólọ́wọ̀ máa ń sọ títí di òní ni pé Nàìjíríà jáde nínú ogun náà láì lọ tọrọ owó ogun lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kankan. Iṣẹ́ ọwọ́ onímọ̀ ìṣúná ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a kò yá níta, ẹnì kan ni ó san án nílé.

Àwọn tí ó san èyí tó wúwo jù ni àwọn ará ìlà-oòrùn. Ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà oúnjẹ, ebi sì pa àìmọye ọmọdé. Awólọ́wọ̀ wà nínú ìjọba náà, ó sì gbèjà ìgbésẹ̀ yìí. Àlàyé rẹ̀ nígbà tó yá ni pé àwọn ọmọ ogun Biafra ni ó ń gba oúnjẹ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí àwọn aráàlú. Lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó ní owó Biafra lọ́wọ́, tàbí tí ó ti fi owó yẹn kan àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì, gba 20 pọ́n-ùn péré, iye yòówù tí ó lè ní tẹ́lẹ̀. Àwọn Igbo kò gbàgbé. Nígbà tí Chinua Achebe gbé ìwé rẹ̀ lórí Biafra jáde ní ọdún 2012, ẹ̀sùn yìí tún gbilẹ̀, àwọn Yorùbá púpọ̀ sì bínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn Awólọ́wọ̀ ní òtítọ́ kò lè fo apá yìí. Owó ogun kì í tán lórí ìbọn. Ebi àti ìkorò ọkàn wà lára iye rẹ̀, wọn kì í sì í hàn nínú ìwé ìṣúná.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ẹrù náà ga ju orí lọ. Ní òpin ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde. Owó orí ti pọ̀, iye tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn agbowó-orí ń wọlé kó wọn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà oko ń bàjẹ́. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí owó orí wálẹ̀ sí ọgbọ̀n ṣílè, tí wọ́n ń pè ní òkẹ́ mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n pa Ṣọ̀ún ní ọdún 1969, ní Ìbàdàn, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi. Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ lo agbára, agbára kò tó. Níkẹyìn, ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá Tafa Adéoyè, aṣáájú wọn, ní Akànrán. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, ìjọba sì gbà kí owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí ń wá owó ogun ní Èkó ni ó wọ inú oko lọ gbọ́ pé àwọn tí ń san owó kò lè san mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí owó kòkó wọn kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955 ni wọ́n wá gbé àdá ní 1968.

Ogun parí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970. Ní ọdún 1971, Awólọ́wọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ìjọba kò dín àwọn ọmọ ogun kù bí ó ti yẹ. Owó epo ti wá ń ya wọlé nígbà náà, èyí tí ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ológun sì pọ̀ gidigidi. Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé rí ni ti sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1975, Nàìjíríà ti ra bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, nǹkan bí 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ètò ààbò, tí ó fẹ́ kọ́ bárékè fún àwọn ṣọ́jà. Èbúté Èkó kò lè gbà á. Ọkọ̀ ojú omi tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí òkun, wọ́n ń gba owó ìdúró, sìmẹ́ǹtì púpọ̀ sì bàjẹ́ síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n yọ Gowon. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1976, lábẹ́ Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni ìjọba àpapọ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ti Ìwọ̀-Oòrùn.

Awólọ́wọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà kí òṣèlú padà, ó dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ ní ọdún 1978, ó sì gbé ohun mẹ́rin síwájú: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó lè ṣiṣẹ́. Ó díje fún ipò Ààrẹ ní 1979 àti 1983, kò wọlé nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ márùn-ún bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1979, Ọ̀yọ́ sì wà lára wọn. Nígbà náà, Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí pé ọdún 1991 ni wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Olóyè Bọ́lá Ìgè ni gómìnà, òun ni ó sì mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ní Ìwó lónìí, ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn méjèèjì yìí ni wọ́n gbà wọlé: ti 1955 tàbí ti 1979.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987, Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún náà, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ọgọ́rùn-ún náírà ní 1999.

Kí ni ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ṣọ́ọ̀kì? Èkíní ni pé kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú méjèèjì. Ẹni kan náà, àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́, ni ó ń san owó wọn. Èkejì ni pé nígbà tí ó ń gba owó orí fún ẹ̀kọ́, àwọn èèyàn bínú, ṣùgbọ́n ọmọ wọn wọ ilé-ẹ̀kọ́, ìbínú náà sì rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba owó fún ogun, àwọn èèyàn kò rí ohunkóhun gbà padà, ìyẹn ni wọ́n fi gbé àdá. Ẹ̀kẹta ni pé ogun a máa parí, ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ kì í tètè parí bí kò bá sí ẹni tí yóò dá a dúró.

Nínú àbá ìṣúná ọdún 2025 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé síwájú ilé aṣòfin ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, tírílíọ̀nù 4.91 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ààbò, tírílíọ̀nù 3.52 fún ẹ̀kọ́, tírílíọ̀nù 2.48 fún ìlera. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń fojú àgbẹ̀ rí tí yóò sọ pé kí ìjọba má náwó sórí ààbò. Awólọ́wọ̀ pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ogun dé. Ohun tí ó yẹ kí aráàlú béèrè ni ibi tí owó náà ń lọ, àti iye ọmọ tí yóò jókòó sílé nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún wa: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá kọ́ bárékè tí a kò kọ́ ọmọ, a ó pẹ́ títí lẹ́nu rírà ìbọn.